Òótọ́ àbí irọ́? Ìyẹ̀fun púrótéènì àti ara ńlá tí àwọn ọ̀dọ́ Alimọṣọ ń wá

Láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá, títí wọ Ìgàndó, ibi tí wọ́n ti ń gbé irin kò wọ́n ní Alimọṣọ, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn kan jẹ́ jíìmù gidi, tó ní dígí gbàgàdà lára ògiri àti jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé. Àwọn mìíràn kò ju ẹ̀yìnkùlé lọ, níbi tí wọ́n ti da kọnkéré sínú garawa ọ̀dà méjì, tí wọ́n sì fi páìpù irin so wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe, nítorí ohun tó wúwo ni ẹran ara mọ̀, kò mọ iye tí wọ́n rà á.

Níbi tí wọ́n bá ti ń gbé irin, ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ kì í tán. Lágbájá á ní ẹyin tútù ni àṣírí òun. Támẹ̀dò á ní bí kò bá sí ike ìyẹ̀fun ńlá tó ti òkè òkun wá, òfo ni gbogbo òógùn tó ń ro lára èèyàn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Samson Dauda, ọmọ bíbí Nàìjíríà tó fi Ìlú Ọba ṣe ibùgbé, gba ipò kìíní nínú ìdíje Mr. Olympia ní Las Vegas, ìdíje tó ga jù lọ lágbàáyé fún àwọn tó ń fi ẹran ara ṣe iṣẹ́ ọnà. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù yóò fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ. Ìbéèrè tó dára ni. Ìdáhùn tí wọ́n ń fún wọn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Mo ti ní èrò tèmi lórí ọ̀rọ̀ náà, n kò sì ní fi pa mọ́ títí dé ìparí. Oúnjẹ tó ń kọ́ ara pọ̀ yanturu ní ọjà Ìkọ̀tún. Ohun tó lè ba ara jẹ́ náà kò jìnnà síbẹ̀, ó wà lórí pẹpẹ kẹ́míìsì tí kì í béèrè ìwé dókítà. Ìyẹ̀fun inú ike wà láàárín àwọn méjèèjì, àwọn tó ń yìn ín àti àwọn tó ń bú u ló ń sọ àsọdùn.

“Oògùn ni ìyẹ̀fun yẹn”

Irọ́. Ẹni tó bá ti dúró wo Fúlàní obìnrin níbi tó ti ń ṣe wàrà ti rí orísun ìyẹ̀fun yìí. Obìnrin náà á gbé mílíìkì màlúù kaná, á fún omi ewé bọmubọmu sí i, mílíìkì á sì dì. Á kó èyí tó dì sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi ara rẹ̀ lè ro. Omi tó ń ro sílẹ̀ yẹn ni àwọn òyìnbó ń pè ní whey. Nínú gbogbo púrótéènì tó wà nínú mílíìkì màlúù, bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bá omi náà lọ, ìdá 80 tó kù ló ń dúró sínú wàrà.

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe wàrà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi ń da omi yìí nù, tàbí kí wọ́n gbé e fún ẹlẹ́dẹ̀ mu. Nígbà tí ẹ̀rọ tó lè sẹ́ ẹ, tó sì lè gbẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun dé, ni wọ́n tó mọ̀ pé owó ni wọ́n ń dà sí gọ́tà. Ìbù kan, tó wọn bí 30 gíráàmù, sábà máa ń ní púrótéènì tó tó 20 sí 25 gíráàmù. Ẹyin adìẹ kan ní bíi 6. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìbù kan kò ju ẹyin mẹ́rin lọ. Oúnjẹ ni, oúnjẹ tí wọ́n ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ.

Ohun tí èèyàn lè bẹ̀rù ni ike tí kò mọ ibi tó ti wá. Bí kò bá ní nọ́ńbà NAFDAC, bí wọ́n bá ti ṣí ìdérí abẹ́ ọmọrí rẹ̀, tàbí bí ẹnìkan bá ń bù ú sínú ọ̀rá tà, má rà á. Kò sí bí ojú ṣe lè mọ ìyẹ̀fun funfun kan yàtọ̀ sí òmíràn.

“Ṣáà ti ń mu ún, ara á tóbi”

Irọ́ ni, irọ́ yìí ló sì ń náni lówó jù. Ẹran ara kì í pọ̀ sí i nítorí pé èèyàn gbé púrótéènì mì. Ó ń pọ̀ nígbà tí iṣẹ́ líle bá ti jẹ́ kó mọ̀ pé agbára tí òun ní kò tó. Ìgbà yẹn ni ara á wá púrótéènì tí yóò fi tún ara rẹ̀ kọ́. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí 49 jọ, èyí tí èèyàn 1,863 kópa nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé British Journal of Sports Medicine. Gbogbo àwọn èèyàn náà ló ń gbé irin. Ẹran tí àwọn tó fi púrótéènì kún oúnjẹ wọn fi ju ti àwọn tó kù lọ kò ju 0.3 kílò. Kì í ṣe òfo, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: irin ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, oúnjẹ ojoojúmọ́ tẹ̀ lé e, ìyẹ̀fun wá gbẹ̀yìn.

Ìwádìí kan náà fi hàn pé bí púrótéènì tí èèyàn ń jẹ lójúmọ́ bá ti tó nǹkan bí 1.6 gíráàmù fún kílò kan ìwọ̀n ara, èrè tó wà nínú àfikún kò tó nǹkan mọ́. Ẹni tó wọn 60 kílò ń wá 96 gíráàmù lójúmọ́. Ẹni tó wọn 70 ń wá 112. Ẹni tó bá ti ń jẹ iye yẹn, tó tún ń po ìyẹ̀fun mu lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, owó rẹ̀ ló ń tọ̀ dànù.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa tó tẹ́ẹ́rẹ́ kì í tóbi nígbà náà? Ẹ jẹ́ ká wo bí ọjọ́ wọn ṣe ń lọ. Ẹni tó ń gbé ní Ìgàndó, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí ní Erékùṣù, ti kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò jẹun, nítorí ọkọ̀ ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó di ọ̀sán kó tó rí àwo ìrẹsì kan pẹ̀lú ẹran tó kéré ju ìka méjì lọ. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á gbà á ní wákàtí méjì ní àṣálẹ́, á wá lọ gbé irin, á jẹ ẹ̀bà, á sùn ní aago méjìlá. Iye agbára tí oúnjẹ rẹ̀ ń fún un kò ju èyí tó ń ná lọ. Ara tí kò rí àjẹṣẹ́kù kò ní ohun tó máa fi kọ́lé. Kí ara tó lè fi kún ara, oúnjẹ òòjọ́ gbọ́dọ̀ ju ìnáwó rẹ̀ lọ ní bíi 300 sí 500 kálórì, bẹ́ẹ̀ sì ni lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Oorun náà kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ní Australia mú àwọn ọ̀dọ́ tára wọn le, wọn kò jẹ́ kí wọ́n sùn ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ tí ara wọn ń ṣe láti kọ́ púrótéènì tuntun sínú ẹran lọ sílẹ̀ ní ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Òru kan péré nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń gbé Alimọṣọ kò lè pàṣẹ fún ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n bó bá ní láti yan láàárín wákàtí kan lórí fóònù àti wákàtí kan lórí bẹ́ẹ̀dì, kó mọ èyí tó ń kọ́ ẹran ara.

Bí ọ̀gá jíìmù kan bá ṣèlérí pé wàá fi kílò mẹ́wàá kún ìwọ̀n rẹ ní oṣù kan, sá fún un. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó ń jẹun dáadáa, tó sì ń sùn, lè fi kílò kan sí méjì kún ara rẹ̀ lóṣù, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹran. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

“Láìsí ike, kò ṣeé ṣe”

Irọ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ike ńlá tó wọ́pọ̀ jù wọn kílò 2.27, ó sì ní ìbù tó lé díẹ̀ ní 70. Bí ìbù kọ̀ọ̀kan bá ní 24 gíráàmù, gbogbo púrótéènì inú rẹ̀ jẹ́ bíi 1,700 gíráàmù. Kíréètì ẹyin kan, ẹyin 30, ní nǹkan bí 180. Ìyẹn ni pé púrótéènì inú ike kan kò pé kíréètì ẹyin mẹ́wàá. Kílò kan ẹ̀wà gbígbẹ ní bíi 230 gíráàmù, kílò mẹ́jọ ẹ̀wà sì ti ju ike náà lọ. Òótọ́ ni pé púrótéènì ẹ̀wà kì í dà nínú tó ti ẹyin, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ pa ẹ̀wà tì. Kí o tó sanwó ike, béèrè iye kíréètì mẹ́wàá lọ́wọ́ àwọn ìyá ẹlẹ́yin ní ọjà Ìkọ̀tún, béèrè iye ẹ̀wà pẹ̀lú, kí o wá fi wéra. Owó máa ń yí padà lóṣooṣù, ìṣírò yìí kì í yí padà.

Fún ẹni 60 kílò, ẹ wo ọjọ́ kan. Ẹyin mẹ́ta pẹ̀lú búrẹ́dì láàárọ̀, bíi 26 gíráàmù. Àwo ẹ̀wà kan tó kún dáadáa àti ìrẹsì díẹ̀ lọ́sàn-án, 26 mìíràn. Ẹ̀pà ìkúnwọ́ kan àti mílíìkì oníyẹ̀fun kí ó tó lọ gbé irin, bíi 15. Lálẹ́, ẹ̀bà, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹja Titus tó wọn 120 gíráàmù lẹ́yìn sísè, ẹja nìkan ti mú 28 wá. Àròpọ̀ rẹ̀ ti di 95 láì tíì ka ẹ̀gúsí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gúsí kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Kò sí ike kankan nínú gbogbo rẹ̀.

Àwọn tó ń ní ẹ̀bà kò wúlò fún ẹni tó ń gbé irin náà ń ṣì wí. Gàrí kò ní ju gíráàmù kan sí méjì púrótéènì nínú 100 gíráàmù, a ò lè fi òun nìkan kọ́ ẹran. Ṣùgbọ́n agbára pọ̀ nínú rẹ̀, agbára yẹn sì ni ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ ń wá. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni òkèlè bí orí ọmọdé pẹ̀lú ẹja bí èékánná.

Lórí pọ̀ǹmọ́, ìdájì òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó ní kò sí nǹkankan nínú rẹ̀ purọ́, púrótéènì wà níbẹ̀. Kọlájìn ni púrótéènì ọ̀hún, ó sì ṣaláìní ọ̀kan nínú àwọn èròjà mẹ́sàn-án tí ara kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀, tí oúnjẹ nìkan lè mú wá. Jẹ ẹ́ fún adùn rẹ̀, kí ẹyin àti ẹja máa bá iṣẹ́ lọ.

Èyí tó wú mi lórí jù nínú oúnjẹ wa ni bí àwọn àgbà ṣe so wọ́n pọ̀. Àgbàdo kò ní èròjà tí wọ́n ń pè ní lysine tó, ẹ̀wà sì ní in púpọ̀. Ẹ̀wà kò ní methionine tó, àgbàdo sì ní in. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ jẹ mọ́ín-mọ́ín, tàbí tó kọ́kọ́ da àgbàdo mọ́ ẹ̀wà se àdàlú, ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́ kí yàrá ìwádìí tó dé. Sóyà tún wà níbẹ̀, èyí tí IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1967, sapá gidigidi láti mú wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ wa. Púrótéènì tó wà nínú 100 gíráàmù sóyà gbígbẹ tó bíi 36 gíráàmù. Wàrà sóyà tí àwọn obìnrin ń dín tà lójú títì ń ṣe oore tí ọ̀pọ̀ kò kà sí.

Ìgbà wo ni ìyẹ̀fun wúlò? Ó wúlò fún ẹni tí kò ráyè dáná, tí kò níná mànàmáná tó lè fi tọ́jú ẹja, tó sì ní owó rẹ̀ lọ́wọ́. Kò nílò ìkòkò, kì í tètè bàjẹ́. N kò ní bú ẹni tó bá rà á pẹ̀lú ìṣírò. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ mass gainer sí lára gba kí a ka ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan nínú àwọn kan ń gbé 1,250 kálórì, púrótéènì rẹ̀ sì jẹ́ 50 gíráàmù péré, ìyẹ̀fun sítáàṣì aládùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 250 gíráàmù ló kún inú rẹ̀. Ògì gbígbóná, ẹ̀pà lílọ̀ àti mílíìkì lè ṣe iṣẹ́ yẹn láì gba owó ike.

“Ẹyin tútù lágbára ju èyí tí a sè lọ”

Irọ́ pátápátá. Ní ọdún 1998, àwọn onímọ̀ ní Belgium tọ púrótéènì ẹyin lọ nínú ìfun èèyàn. Nínú ẹyin tí wọ́n sè, ìdá 91 nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ ara. Nínú ẹyin tútù, ìdá 51. Ẹni tó ń lu ẹyin mẹ́fà sínú ife, tó ń di ojú gbé e mì, ń sọ bí ẹyin mẹ́ta nínú rẹ̀ nù, ó sì ń fi ara rẹ̀ wewu kòkòrò salmonella, tó lè fi ìgbẹ́ gbuuru gba kílò tó ti ń wá láti oṣù tó kọjá. Bọ̀ ọ́, tàbí kí o dín in.

“Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá kọjá lẹ́yìn irin, ó ti bọ́”

Irọ́ ni èyí náà. Àkójọ ìwádìí tó jáde ní ọdún 2013 rí i pé àpapọ̀ púrótéènì òòjọ́ ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe ìṣẹ́jú tí a gbé e mì. Àwọn tó ń sọ pé ara kò lè lo ju 30 gíráàmù lọ lẹ́ẹ̀kan kò tíì gbọ́ ìròyìn ọdún 2023 láti Netherlands. Wọ́n fún àwọn kan ní 100 gíráàmù lẹ́yìn irin, wọ́n fún àwọn mìíràn ní 25. Ara àwọn tó mu 100 ń lo tiwọn lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kò dà á nù. Nítorí náà, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìyànà Ìpájà bá dá ọ dúró lẹ́yìn jíìmù, fọkàn balẹ̀. Oúnjẹ alẹ́ rẹ á ṣiṣẹ́ rẹ̀.

“Ó máa ń da inú rú”

Òótọ́ ni, àwa Yorùbá sì wà lára àwọn tó yẹ kó mọ ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1971, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ṣe ń da lactose, ìyẹn ṣúgà inú mílíìkì, nínú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó di Mínísítà Ètò Ìlera ní ọdún 1985, wà lára àwọn tó ṣe é. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí àgbàlagbà Yorùbá nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò tí ara rẹ̀ ń da ṣúgà yìí dáadáa. Àwọn Fúlàní, tí ìran wọn ti ń mu mílíìkì láti ayébáyé, kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí inú bá ń kùn, tí gáàsì ń yọ ọ́ lẹ́nu lẹ́yìn ìyẹ̀fun, ohun tó sábà ń fà á nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n ti fi nǹkan sí ọ nínú. Oríṣi ìyẹ̀fun tí wọ́n kọ isolate sí lára ní lactose tó kéré gan-an, ti sóyà kò sì ní in rárá. Dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, tàbí kí o padà sí ẹyin àti ẹja tí kò bá inú rẹ jà.

“Sóyà ń sọ ọkùnrin di obìnrin, irin ń sọ obìnrin di ọkùnrin”

Irọ́ méjì nínú ìkòkò kan. Àwọn ìwádìí tí wọ́n kó jọ ní ọdún 2010, tí wọ́n sì tún kó jọ ní 2021, kò rí i pé sóyà dín testosterone, èròjà tó ń mú ara ṣe bí ọkùnrin, kù lára ọkùnrin. Ní ti obìnrin, testosterone tó wà lára ọkùnrin pọ̀ ju tirẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po, gbígbé irin kò sì lè sọ ọ́ di ohun tí kò jẹ́. Yóò mú kí eegun rẹ̀ le, ìyẹn sì ṣe pàtàkì lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wa gbọ́ èyí, nítorí ìbẹ̀rù yìí ti lé ọ̀pọ̀ wọn kúrò níbi tí ìlera wà.

“Ó ń ba kídìnrín jẹ́”

Irọ́ fún ẹni tí kídìnrín rẹ̀ le, òótọ́ fún ẹni tó ti ní àrùn rẹ̀. Àkójọ ìwádìí ọdún 2018 kò rí i pé oúnjẹ tó kún fún púrótéènì ń dín iṣẹ́ kídìnrín kù lára ẹni tí ara rẹ̀ yá. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀ ni púrótéènì púpọ̀ lè di ẹrù lé lórí, dókítà sì sábà máa ń ní kó dín in kù.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọ̀pọ̀ kò mọ ẹgbẹ́ tí wọ́n wà nínú méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ń jẹ kídìnrín láì pariwo. Ọ̀rọ̀ àjogúnbá tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 2010, ìwádìí kan nínú ìwé ìròyìn Science tọ́ka sí àbùdá kan tó ń jẹ́ APOL1. Oríṣi kan nínú rẹ̀ ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá wà nínú ewu àrùn kídìnrín ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Oríṣi yìí wọ́pọ̀ gidigidi láàárín àwa Yorùbá. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹyin. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí a yẹ ìfúnpá wò, kí a yẹ ìtọ̀ wò bóyá púrótéènì ń jò sínú rẹ̀, kí a sì yẹ creatinine, ìdọ̀tí tí kídìnrín yẹ kó sẹ́ dànù, wò nínú ẹ̀jẹ̀, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìyẹ̀fun jọ.

“Oògùn kékeré kan wà tó máa ń mú ara wá kíákíá”

Òótọ́ ni pé ó ń mú ara wá. Níbí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń kàwé yìí ti dúró kà á dáadáa, nítorí ewu tó wà nínú gbogbo ike ìyẹ̀fun tí a ń jiyàn lé lórí kò tó èyí.

Èkíní ni dexamethasone, tí wọ́n ń pè ní dexa. Oògùn gidi ni lọ́wọ́ dókítà, ó ń gba ẹ̀mí là. Ẹni tó bá ń gbé e mì kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè kún ń ra omi àti ọ̀rá. Oògùn náà ń mú kí ara gbá iyọ̀ àti omi dání, ó ń kó ọ̀rá sí ojú àti ikùn, ó sì ń fọ́ ẹran apá àti itan láti fi ṣe ṣúgà. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ohun tí ẹni náà ń wá gan-an ni oògùn náà ń jẹ. Ìfúnpá á gòkè, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á gòkè. Bí ó bá ti pẹ́ lórí rẹ̀, ẹ̀yà ara tó ń ṣe irú èròjà yẹn fúnra rẹ̀ á ti sùn, bí ó bá sì já a lójijì, ó lè dákú, ó tilẹ̀ lè kú. Ẹni tó ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò gbọdọ̀ dá já a, kí ó lọ bá dókítà kí wọ́n bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Èkejì ni cyproheptadine. Oògùn ara yíyún ni, ó ń fa oorun, ó sì ń mú kí ebi máa pani, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tà á fún ìsanra. Ọ̀rá ló ń mú wá fún ẹni tí kò gbé irin, oorun rẹ̀ sì lè pa ẹni tó ń wa dáńfó tàbí kẹ̀kẹ́, kí ó sì pa àwọn èrò rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹta ni abẹ́rẹ́ testosterone àti àwọn ìbátan rẹ̀. Èyí ń kọ́ ẹran lóòótọ́, n kò ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ara bá rí i pé ó ń ti ìta wọlé, á dá tirẹ̀ dúró. Kóró ẹpọ̀n á súnkì, àtọ̀ á dín kù, ọmọ bíbí á di ìṣòro, ẹ̀jẹ̀ á ki, ọkàn á máa ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ń gún un nínú yàrá jíìmù kò rí ẹnikẹ́ni tó sọ èyí fún un. Ẹ̀yin ọ̀gá jíìmù, ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní bọ̀ọ̀dá àti kóòṣì, iṣẹ́ yín ni láti sọ ọ́. Ẹ̀yin tó ni kẹ́míìsì, ẹ béèrè ìwé dókítà.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan sí i fún ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ láìpẹ́ yìí. Bí o bá ń jẹun bí tẹ́lẹ̀, tí kílò rẹ sì ń dín kù, tí o ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí o ń làágùn lóru, tàbí tí òùngbẹ ń gbẹ ọ́ tí o sì ń tọ̀ lemọ́lemọ́, má ra ìyẹ̀fun. Lọ fi ara rẹ hàn ní Alimosho General Hospital ní Ìgàndó, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ ọ jù. Ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán á tú síta. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tó ń tọ́jú rẹ̀.